Apá Gígùn Tó Di Péńpé

Aago méjì ọ̀sán ti lù. Aago mẹ́rin ni oníbàárà ń bọ̀ wá gba ẹ̀wù rẹ̀, aránṣọ kò sì tíì gé apá ẹ̀wù náà, tí oníbàárà fẹ́ kó gùn. Aṣọ náà kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń rí rà mọ́: ìyá oníbàárà ló fi sílẹ̀ kí ó tó kú, kò sì ní ìyókù.

Inú fóònù ni aránṣọ ń kọ ìwọ̀n gbogbo ènìyàn sí. Ó ṣí i, fóònù dún kín-ín. Ó wo ẹni tó kọ̀wé. Ó wo fídíò ológbò tó ń jó. Kí ni ológbò rí tó ń jó sí, ẹ bá mi bi í! Ọkàn aránṣọ ò balẹ̀, síbẹ̀ kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Àbúrò, ìgbà wo lo fẹ́ gé aṣọ yìí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ tíṣà ló bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ̀n ni mò ń wò."

"Ìwọ̀n wo ló ń kọrin báyẹn?"

Ojú tì í. Ó sáré padà síbi ìwọ̀n, ó ṣẹ́ aṣọ po, ó gé apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó tẹ́ ẹ sára ẹ̀wù, ó rí i pé ó ti kúrú jù. Ìwọ̀n oníbàárà mìíràn tó fẹ́ apá péńpé ló kà!

"Mo gbé!"

Ẹ̀gbọ́n gba fóònù náà. Ó pa agogo gbogbo áàpù, ti ìpè nìkan ló kù. Ó fi áàpù kan dí fídíò kí ó má lè ṣí títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì sọ ojú fóònù di dúdú òun funfun.

"Báyìí, kò ní wù ọ́ wò mọ́. Inú ìwé ni kó o máa kọ ìwọ̀n sí."

"Ṣé ìyẹn á dá apá yìí padà?"

"Rárá o. Sọ òótọ́ fún oníbàárà rẹ."

Nígbà tí oníbàárà dé ní aago mẹ́rin, aránṣọ sọ ọ́ fún un. Oníbàárà fọwọ́ pa aṣọ náà títí.

"Ìyá mi ní kí n fi rán ẹ̀wù ọjọ́ tí mo bá di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ọ̀la ni." Ó nu ojú. "Ẹ rán an bẹ́ẹ̀. Màá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, fóònù kò burú, àṣejù ló burú. Ẹ pa agogo tí kò pọn dandan. Ẹ fi áàpù dí àwọn ohun tó ń jí àkókò yín gbé. Bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́, ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì. Ẹ ṣe é lónìí, torí ohun ìní ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ yín, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì ní ìyókù.