Owó Fàdákà Tí Wúrà Fọ̀

"Mọ́mì, ẹ wá wò ó!"

Wúrà gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè ràn án lọ́wọ́. Owó fàdákà kan wà láàárín ìka rẹ̀ méjì, ó ń kọ mọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, dúdú ni owó náà bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná. Ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ló sọ ọ́ di tuntun.

Màmá rẹ̀ nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sún mọ́ ọn. "Áà! Ó mọ́ ju ọ̀pá àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bàbá Akíndúró á dúpẹ́ títí."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Wúrà Oyèbánjí. Nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, òun ni wọ́n máa ń fún ní ọ̀pá àbẹ́là àti agogo láti fọ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè fọ̀ wọ́n kí wọ́n dán tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó yani lẹ́nu, ilé tó ti wá ni. Bí aládùúgbò bá fún wọn lóúnjẹ ní Marks Gate, ní London níbẹ̀, màmá Wúrà kì í dá àwo padà láìfọ̀. Lọ́jọ́ tí Michelle tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn fi páànù dúdú kan gbé kéèkì wá, wákàtí kan gbáko ni màmá Wúrà fi ha páànù náà. Nígbà tí Michelle rí i, kò mọ̀ ọ́n mọ́. "Nǹkan ẹlòmíràn kì í kúrò lọ́wọ́ wa pẹ̀lú ìdọ̀tí," ni màmá Wúrà máa ń sọ. Ẹ̀kọ́ ilé gidi ni. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé náà ní ibi tó mọ, Wúrà kò sì tíì mọ ibẹ̀.

Bàbá Akíndúró, àgbà kan nínú ìjọ wọn, ló ni owó náà. Ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni bàbá yìí ti lo ìgbà èwe rẹ̀, kó tó wá sí London wá ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn owó ẹyọ àtijọ́ wọn jọ. Irú kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo: èyí tó ní orí ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó ní ẹfọ̀n, èyí tí obìnrin kan ti ń rìn lọ bá oòrùn. "Ẹ̀yà ni mò ń kó jọ," ló máa ń sọ. "Mi ò kó òkìtì jọ." Òun náà ló fa Wúrà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó fún un ní álíbọ́ọ̀mù kékeré kan tó ní ihò mẹ́wàá, ihò kan fún irú owó kan. Wúrà ti dí mẹ́sàn-án. Ihò kẹwàá ló ṣì ṣófo, ti àbọ̀ dọ́là tí obìnrin kan jókòó lé àpáta lórí rẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé asà.

Bàbá ní irú rẹ̀ kan, ti ọdún 1861. Adékẹ́mi, ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló rà á fún un lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó wọn pé ogún ọdún. Ní báyìí, awọ kan ti bo ojú Bàbá bí ìkùukùu, kò lè ka àkọlé kékeré tó wà lára àpò àwọn owó rẹ̀ mọ́. Ó ní kí Wúrà bá òun tún wọn kọ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ohun mẹ́ta ló máa ń wà lórí àkọlé kọ̀ọ̀kan: irú owó náà, ọdún rẹ̀, àti ipò tó wà. Ti obìnrin tó jókòó ló kẹ́yìn. Wúrà bẹ̀bẹ̀ pé kí òun gbé e lọ sílé kí òun lè ya àwòrán rẹ̀, Bàbá sì gbà.

"Mú un wá fún mi ní Sọ́ńdè," ló wí. "Túsìdeè ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi. Bí ojú yìí bá là, obìnrin yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Etí rẹ̀ ni kó o máa dì mú o, má fi ìka kan ojú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Nínú ọdún méjì, ọ̀rọ̀ fífọ̀ kò wáyé rí, torí àwọn mẹ́sàn-án tí Wúrà ní kò dúdú bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí Bàbá lọ́kàn rárá pé ẹnì kan lè gbé irú owó yìí sábẹ́ omi ẹ̀rọ.

Nígbà tí màmá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, Wúrà jókòó láti kọ àkọlé. Ó ṣí ìwé kékeré kan tí Bàbá ti fún un tipẹ́. Àwòrán inú rẹ̀ nìkan ló ti ń wò látọjọ́ yìí. Ta ló ń ka ìwé nígbà tí àwòrán wà? Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ipò owó ló ń wá. Gbólóhùn tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ló rí: Má ṣe fọ owó àtijọ́ láé. Ó kà á síwájú. Wọ́n ní dúdú ara fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí, awọ rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ń yọ. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti bó o láwọ, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Wúrà mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó gbé e lé owó náà lórí. Lójú obìnrin tó jókòó, lára asà rẹ̀, lára àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká, ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ti fà káàkiri.

"Yéè," ló wí. "Mo gbé o."

Ó pe Wùnmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé àjà ìsàlẹ̀, wá sílé, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Wùnmí yọ fóònù. Ọmọ yìí kì í pẹ́ rí ọgbọ́n, pàápàá irú ọgbọ́n tí kò yẹ kéèyàn rí.

"Relax, jàre. Wò ó, wọ́n ní tó o bá se ẹyin, tó o gé e sí méjì, tó o wá fi òun àti owó yẹn sínú nylon kan náà, it goes black. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọ̀la, ó ti parí."

"Wùnmí, irọ́ nìyẹn."

"Ta ló purọ́? Ṣé o sọ nǹkan kan ni? Bàbá ò tiẹ̀ ríran. Think, Wúrà. Nǹkan tí ìyàwó ẹ̀ fún un! Tó o bá sọ fún un báyìí, kí wọ́n tó ṣe ojú ẹ̀, ṣé ìyẹn dáa? Àánú ẹ̀ lò ń ṣe, honestly."

Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe máa ń wọ aṣọ àánú? Wúrà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á ju ohun tó mọ̀ lọ, ló bá gbé omi kaná, ó se ẹyin, ó fi òun àti owó náà sínú nylon. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó kọ àkọlé: Àbọ̀ dọ́là, obìnrin tó jókòó. Ọdún 1861. Ipò: bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀, a kò fọ̀ ọ́ rí.

Nígbà tilẹ̀ mọ́, owó náà ti dúdú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe dúdú tàná. Apá kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, etí rẹ̀ kan sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Òórùn ẹyin wà lára rẹ̀. Wúrà nù ún, ó tì í bọ àpò rẹ̀, ó wọ sùtánà funfun, ó sì tẹ̀ lé màmá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹnu ọ̀nà ló ti kúnlẹ̀ fún Bàbá. "Bàbá, owó yín rèé, sà."

Bàbá fi ọwọ́ wá a kó tó rí i gbà. "O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tìẹ náà ṣú."

Wúrà yára bọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì láìṣe àmín.

Ìgbà tí ìsìn kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ní kí Bàbá Akíndúró bọ́ síwájú. Gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i. "Olúwa, la ojú bàbá yìí!" "Àmín!" "Kó rí ohun tó fẹ́ rí!" "Àmín!" Màmá Wúrà ń ṣe àmín tòógùn-tòógùn. Wúrà na ọwọ́ bíi tàwọn yòókù, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Bí ojú yẹn bá là, owó yẹn ló máa kọ́kọ́ rí. Nǹkan kan sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò sì lè sọ pé kì í ṣe òun: Olúwa, má tíì là á.

Ṣé òun rèé? Ṣé òun Wúrà ló dúró láìwọ bàtà níwájú pẹpẹ, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ojú àgbàlagbà má là nítorí owó ẹyọ kan? Ìtìjú bá a débi pé kò lè wo ọ̀pá àbẹ́là tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Wúrà ò gbádùn oúnjẹ, kò gbádùn oorun. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì nígbà mẹ́ta kó tó dáhùn. Bí fóònù màmá rẹ̀ bá ti dún, ọkàn rẹ̀ á fò sókè. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìròyìn dé: iṣẹ́ abẹ náà dára, Bàbá ti ń ríran. Màmá rẹ̀ ń jó nínú pálọ̀. Wúrà wọ bàtà, ó jáde, ó sì wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ilé Bàbá ní Eastbrook.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bó o ṣe ga tó rèé? Wọlé, wọlé."

Àpò kékeré náà wà lórí tábìlì. Kò tíì ṣí i.

"Ìwọ ni mò ń dúró dè," ni Bàbá wí. "Ìwọ lo kọ àkọlé rẹ̀. Kà á sí mi létí, ká jọ ṣí i."

Wúrà mú àpò náà. Ó ka irú owó náà. Ó ka ọdún rẹ̀. Nígbà tó dé ipò, ó dúró. Bó bá kà á, bóyá Bàbá ò ní mọ̀ lónìí. Bóyá ojú rẹ̀ ò tíì dá tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó rántí àdúrà tó gbà ní Sọ́ńdè, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ka èyí, òun á tún gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lọ́la àti lọ́tùn-únla. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

"Bàbá, irọ́ ni mo kọ síbí. Mo fọ̀ ọ́, sà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́, mo dì í mọ́ ẹyin sísè kó lè dúdú padà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá tú owó náà síta, ó mú awò, ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ ti lọ.

"Ọmọdé lè láṣọ tó àgbà," ló wí, "kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ọgọ́jọ ọdún lo bọ́ sọnù lára rẹ̀ yìí. Bó ṣe dúdú yẹn ni Adékẹ́mi fi fún mi."

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni, sà. Mo fẹ́ kó mọ́ kẹ́ ẹ tó rí i."

"Mo gbà. Fífọ̀ tó o fọ̀ ọ́, àṣìṣe ni. Èmi náà ò sì kìlọ̀ fún ẹ. Ẹyin ńkọ́? Ṣé àṣìṣe lo fi se ẹyin?"

"Rárá, sà."

"Àkọlé ńkọ́?"

"Rárá, sà." Omijé ti bo ojú Wúrà. "Bàbá, ní Sọ́ńdè, mi ò ṣe àmín. Mi ò fẹ́ kí ojú yín là, kẹ́ ẹ má bàa rí i."

Èyí ló dun àgbàlagbà náà jù. Ó gbé awò sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ tuntun pẹ̀lú ìṣọ́ra. "Máa lọ sílé," ló wí jẹ́ẹ́. "Padà wá ní Sátidé. Mú bírò rẹ dání."

Nígbà tí Wúrà padà lọ, páálí funfun kékeré kan ló bá lórí tábìlì.

"Tún un kọ," ni Bàbá wí.

Wúrà kọ irú owó náà, ó kọ ọdún rẹ̀. Nígbà tó dé ipò, ó wo ojú Bàbá.

"Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó kọ ọ́: A ti fọ̀ ọ́. A fi ẹyin pa á láró. Wúrà Oyèbánjí ló ṣe é. Bàbá gbà á, ó sì kà á fúnra rẹ̀ láìlo awò, lẹ́tà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ó fi owó náà sí ihò rẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó ki àkọlé sí abẹ́ rẹ̀.

"Bí mo bá kú, ẹlòmíràn á ṣí álíbọ́ọ̀mù yìí," ló wí. "Owó tó ti bàjẹ́ ló máa bá níbẹ̀. Ẹ̀tàn ni kò ní bá."

Títí dòní, Bàbá kò jẹ́ kí Wúrà gbé owó kankan kúrò nílé rẹ̀ mọ́. Orí tábìlì Bàbá ló ti ń wò wọ́n, ihò kẹwàá inú álíbọ́ọ̀mù Wúrà sì ṣì ṣófo. Bó bá rí i, ó máa ń rántí pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ kò tiẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí, kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ tètè jẹ́wọ́ tiyín nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe, torí ohun tí a bá fi bò ó mọ́lẹ̀ ló ń sọ èèyàn di ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, Bàbá Akíndúró dìde dúpẹ́ pé ojú òun ti là. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ẹnì kan ti kígbe "Àmín!" láti ẹ̀yìn, débi pé gbogbo ìjọ yíjú wò ó. Wúrà ni.