Eèsún Tí Wọ́n Hú Tán

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá sílé màmá mi ní Mushin láàárọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó, kó fi etí lé ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn. Mi ò ní bá a jiyàn. Inú ló ń bí mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Odò kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Tí òjò bá dé, kò ṣeé bá ṣeré. Bàbá mi ló gbin eèsún sí bèbè rẹ̀ kó tó kú. Ó ní gbòǹgbò eèsún ló ń di ilẹ̀ mú, pé ọjọ́ tí bèbè bá wà ní ìhòòhò, odò á wọlé wá kí wa. Ilé yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ fún màmá mi.

Ní 1986, Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ di alága àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa. Ọkùnrin yìí bẹ̀rù wolé-wolé ju Ọlọ́run lọ. Lójú tirẹ̀, ohunkóhun tó bá hù tí a kì í jẹ, ìdọ̀tí ni. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìmọ́tótó, ó kó àwọn géńdé wá tàdátàdá. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún sí i. Mo ní òjò ti dé tán, kó tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fi gbòǹgbò sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ lọ kọ́ àwọn ọmọ yín ní A, B, D," ló fèsì. "Wolé-wolé ò ní bá igbó ládùúgbò mi."

Wọ́n gé e, wọ́n hú u, wọ́n dáná sun ún. Bèbè odò dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Alága ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣépè fún un nínú mi, mi ò sì tíì kó o kúrò títí dòní.

Òjò bẹ̀rẹ̀, odò sì ń jẹ ilẹ̀ wa. Balùwẹ̀ lọ. Igi àgbálùmọ̀ lọ. Ilẹ̀ tó kù láàárín odò àti yàrá màmá mi kò gba ju ẹní kan lọ. Mo ní kó wá bá mi gbé ní Yaba, ó kọ̀.

Ọjọ́ ìmọ́tótó tó tẹ̀ lé e bá mi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ bí Èkó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mọ́tò ò rìn, ọjà ò ṣí, ìró ṣọ́bìrì nínú gọ́tà nìkan là ń gbọ́. Nígbà tó yá, ṣọ́bìrì náà dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ.

Ṣìì. Ṣìì.

Ìró ewé eèsún ni. Inú ìró yẹn ni mo dàgbà sí, mi ò lè ṣì í gbọ́. Mo ṣí fèrèsé. Ilẹ̀ pupa lásán ni mo rí, ìró náà sì ń dún níwájú mi gan-an.

"Ṣé ìwọ náà gbọ́?" màmá mi béèrè. Kò yíjú sí mi.

"Mo gbọ́, mà."

"Ó ti ń sún mọ́lé láti ìjẹta."

Ó dé abẹ́ fèrèsé, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, nísàlẹ̀ sìmẹ́ńtì. Òórùn koríko tútù gba gbogbo yàrá. Màmá mi jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Etí odò yẹn nilé alága náà wà, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ dáadáa, síbẹ̀ yàrá rẹ̀ méjì ló wó sódò. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Tiwa kò wó. Nígbà tí omi fà, gbogbo àdúgbò wá wò ó. Odò ti kó ilẹ̀ lọ lábẹ́ yàrá màmá mi pátápátá. Gbòǹgbò ló gbé yàrá náà dúró, ó funfun, ó tutù, ó hun ara rẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀. Kò sí ewé kan lórí rẹ̀.

"Ṣebí ojú wa ni wọ́n ṣe hú gbogbo ẹ̀?" Saidat, aládùúgbò wa, ló sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo rò pé alága máa tọrọ àforíjì. Ó ní kí wọ́n gé gbòǹgbò náà kí wolé-wolé tó dé, pé kò bójú mu. Màmá mi mú àdá tiwa wá, ó nà án sí i.

"Ẹ gé e fúnra yín, Alága."

Ó gbé àdá sókè. Ṣìì. Abẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ti dún. Ó rọra gbé àdá sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbin eèsún sí bèbè odò. Kì í hù. Ó kó ti Ọ̀yìngbò wá, kò hù. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Tíṣà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Ta ni kí n bẹ̀, sà?"

Ó kàn nawọ́ sí ilẹ̀. Odò ṣì ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ti Saidat, tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Abẹ́ yàrá wa nìkan ni ìró náà kù sí, mi ò mọ ohun tó ń di yàrá náà mú, mi ò mọ ìgbà tó máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Màmá mi ṣì ń sùn síbẹ̀.