Ọwọ́ Tó Kan Alábàárù

Iná kékeré ara bọ́ọ̀dù, ọpọlọ róbọ́ọ̀tì, ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ kó máa ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí Ebiere fi kọ̀ǹpútà pe róbọ́ọ̀tì wa, róbọ́ọ̀tì kò dáhùn. Ó tún un pè. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síwájú wa lẹ́ẹ̀mejèèjì pé òun kò rí ẹni tí òun ń pè. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti fi múra, mẹ́ta sì ti lọ nínú tiwa.

Gbọ̀ngàn kan ní Àpápá, nítòsí Liverpool Road, ni ìdíje náà ti wáyé. Olódi-Àpápá ni ilé ìwé wa wà. A tètè gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, síbẹ̀ tírélà dí ojú ọ̀nà pa, a sọ̀ kalẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ebiere gbé róbọ́ọ̀tì sínú báàfù oníke, ó rù ú. Alábàárù la sọ ọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé àpótí igi kéékèèké láti ibì kan sí ibòmíràn, bí wọ́n ṣe ń gbé kọ̀ńtéénà ní èbúté.

Èmi Ruqoyah ni olórí ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mìíràn mọ́ èyí tí mo ti pa: oyè lásán ni tèmi, Ebiere ló mọ iṣẹ́. Òun ló so gbogbo wáyà, òun náà ló kọ àṣẹ tí bọ́ọ̀dù ń tẹ̀ lé. Àwọn tó gbé ìdíje kalẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn yóò san owó ilé ìwé àwọn méjì tó bá borí títí wọn yóò fi ṣe WAEC. Ní tèmi, bàbá mi tó ń wa tírélà ń gbìyànjú lórí wa, mi ò tíì jókòó sílé rí nítorí owó ilé ìwé. Ti Ebiere yàtọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja yíyan ní Ajégúnlẹ̀ sì ti sọ fún un pé bí ọ̀nà yìí kò bá là, kó lọ bá àǹtí rẹ̀ ní Bayelsa, kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Gbogbo wa la mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, olùkọ́ tó ń kọ́ wa níṣẹ́ róbọ́ọ̀tì, ti ṣiṣẹ́ rí nídìí kireni tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Òfin ibẹ̀ ló mú wá bá wa. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan Alábàárù, ìbáà ṣe ìdè kan ló tú, gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ṣe sínú ìwé kan tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó máa ń sọ pé nídìí kireni, ẹni tó tú nǹkan tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ lè pa ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ti gba ìwé náà gbọ́ débi pé ohun tí kò bá sí níbẹ̀, a gbà pé kò ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdíje, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní olórí ẹgbẹ́ ni mí lóòótọ́, àmọ́ bí Ebiere ò bá sí nílé, mi ò lè mú róbọ́ọ̀tì gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dùn mí wọra. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ tán, mo kó Alábàárù sínú àpò, mo gbé e lọ sílé, ohun tí olùkọ́ wa ti kìlọ̀ pé ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ ṣe.

Nílé, bọ́ọ̀dù kọ̀, kò bá kọ̀ǹpútà Yasir ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó báyìí: kọ̀ǹpútà àti bọ́ọ̀dù ní àdírẹ́sì tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ, bí ojúlé méjì ní òpópónà kan náà. Bí òpópónà wọn bá yàtọ̀, wọn ò ní rí ara wọn, wáyà ì báà so wọ́n pọ̀. Yasir fi bí mo ṣe máa yí nọ́ńbà bọ́ọ̀dù padà sí ti òpópónà kọ̀ǹpútà tirẹ̀ hàn mí. Alábàárù rìn, mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì yìn mí títí inú mi fi dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mi ò rántí dá nọ́ńbà padà. Ìwé yẹn, mo rántí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́, mo ti fẹnu ara mi jẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn. Àwọn olùkọ́ jókòó sẹ́yìn okùn, wọn ò gbọ́dọ̀ bá wa dá sí i. Ebiere kò fòyà. Ó pààrọ̀ wáyà, kò dáhùn. Ó pa bọ́ọ̀dù, ó tún un tàn, kò dáhùn. Ó wo àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà, ó pé. Ó ṣí ìwé kọ́bọ́ọ̀dù tí a mú dání, ó rí i pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wá yíjú sí mi.

"Ruqoyah, abeg, talk true. Ṣé ẹnì kankan fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù yìí lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Friday?"

Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí nọ́ńbà náà. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè tó ń wò wá.

"Rárá," mo ní. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Ó gbà mí gbọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, á jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló lẹ́bi nìyẹn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn wáyà tó fi oṣù méjì so, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn ń kán sórí tábìlì. Mo sọ fún ara mi pé tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá màá sọ. Ó ku mẹ́wàá, mo ní tó bá ku márùn-ún. Mo ń sún un síwájú bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lu agogo.

Adájọ́ kan wá bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ebiere dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ni òun kò so wáyà dáadáa. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Lọ́jọ́ yẹn, ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé, ojú mi ló sì ṣe.

Èmi, Ebiere àti Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà níta. Ebiere ń sunkún, kò pariwo. Mi ò lè fi í pamọ́ mọ́, mo jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè kò bú mi. Ó yára wọlé lọ bẹ àwọn adájọ́, wọ́n sì ní àkókò wa ti kọjá, ẹgbẹ́ mìíràn ti wà lórí ìdíje. Ebiere nu ojú rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, ó ní kí n pe nọ́ńbà tí mo fi síbẹ̀ fún òun. Mo pè é. Ó yí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà sí òpópónà kan náà, Alábàárù sì dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi.

"Nọ́ńbà lásán," ó ní. "Ká ní o sọ fún mi ni, kò ní gbà mí tó ìṣẹ́jú kan."

Bàbá mi mú mi lọ sí Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti lọ bẹ ìyá Ebiere. Bàbá mi ní ká ní agbára òun gbé e ni, òun ì bá rán Ebiere nílé ìwé, ṣùgbọ́n àwa márùn-ún la wà lọ́rùn òun. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ohunkóhun pamọ́. Màmá Ebiere dì mí lápá mú, ó ní kí n dìde.

"I don forgive you, my pikin," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìdáríjì ò lè san school fees."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ebiere wọ ọkọ̀ lọ sí Bayelsa. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ mi, èyí kò sì dùn mí, torí ó tọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Àṣìṣe tèmi kò tó ohun tó lè lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé ìwé. Irọ́ tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀ ló ṣe é. Bí ẹ bá ti ṣẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe, kí ìtìjú yín má baà di ẹrù tí ẹlòmíràn yóò rù.

A ṣe físíìsì nínú ìdánwò WAEC lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìbéèrè méjì wà níbẹ̀ lórí iná mànàmáná, mo sì dáhùn méjèèjì, torí Ebiere ló kọ́ mi.