Háòsì Tó Wà ní Komah

Ilẹ̀kùn ni Jàríátù kọ́kọ́ rí. Ìkùukùu òwúrọ̀ ṣì bo ọ̀nà Tchamba, ó ru iṣu rẹ̀ lọ sọ́jà, ó sì rí ilẹ̀kùn pákó kan tó ń lọ níwájú òun, tó nà gbalaja sórí ọkùnrin kan, tó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ru ú ti ń gbé ẹsẹ̀. Kò sí ilé kankan nítòsí. Oko àgbàdo ni lọ́tùn-ún, oko àgbàdo ni lósì.

Ẹ̀rín pa á. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ẹrù o! Ilé tó ni ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà yí gbogbo ara padà, nítorí ẹni tó ru ilẹ̀kùn kò lè yí ọrùn nìkan. "Ilẹ̀kùn ló ṣáájú," ó ní. "Háòsì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Bàṣírù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kambolé bíi ti Jàríátù, ṣùgbọ́n Sokodé ló ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ará etíkun kan. Àwọn Jámánì ló ń ṣe olórí ìlú nígbà náà, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará etíkun fi ń tajà, òun náà sì ni ọ̀gá Bàṣírù fi ń bú u láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú gbogbo ohun tó gbọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí ni wọ́n ń pè ní háòsì?" Jàríátù bi í.

"Ohun tí ènìyàn ń wọ̀ ni."

Jàríátù fọwọ́ kan ìró rẹ̀. "Ìyá mi ló ra háòsì yìí fún mi."

Bàṣírù rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀kùn fi fẹ́ yẹ̀ lórí rẹ̀. "Rárá o! Ilé ni. Ilé tí ènìyàn ń wọ̀!"

"Ẹ ò ṣe wá sọ pé ilé, kí ọkàn wa balẹ̀?"

"Ilé bàbá mi ni ilé. Èyí tí èmi fúnra mi bá kọ́, tí mo fi ilẹ̀kùn sí, háòsì nìyẹn."

Wọ́n jọ rìn dé Tchamba, kò sì sí nínú wọn tó rántí pé ẹrù wúwo.

Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti pàdé lọ́jà, Bàṣírù á ní, "Fi háòsì sọ̀rọ̀ kan."

"Mo fẹ́ lọ háòsì díẹ̀."

"A kì í háòsì, olólùfẹ́ mi. A ń kọ́ ọ ni."

"Ewúrẹ́ wọ háòsì, ó jẹ iṣu."

"O káre!"

"Bàṣírù ò ní háòsì."

Eré ni ọmọbìnrin náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Bàṣírù lára. "Òun náà tọ̀nà," ó ní. "Ó kàn dùn mí ni."

Nígbà tó lọ tọrọ rẹ̀, ohun tí bàbá Jàríátù sọ náà nìyẹn. Bàbá Dàda kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. "Ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lò ń gbé kiri. Bí iṣu tuntun bá jáde tí o ò tíì ní ilé tí wàá fi ọmọ mi sí, màá gba obì ará Bago tó ń bẹ̀ mí nítorí rẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ìgbà tí iṣu ń gbó lọ, Bàṣírù rán Ṣítù olóbì láti Sokodé sí Kambolé. Ó ní kó sọ fún Jàríátù pé háòsì ti wà ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé. Ó rò pé Jàríátù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yóò yé, pé yóò dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ gbà mí o! Ṣítù ló fi àṣírí rán, ẹni tó gbà pé kò sí èdè tí òun kò gbọ́.

Ṣítù lóṣòó síwájú Bàbá Dàda. "Bàṣírù kí yín. Ó ní Háúsá ti wà ní Komah."

"Háúsá wo?"

"Tirẹ̀ ni. Ó ní ó ga, ó tutù, òun sì ti bo orí rẹ̀."

Nílé Mùsùlùmí, ta ni kò mọ ohun tó ń jẹ́ pé ọkùnrin bo orí obìnrin? Bàbá Dàda gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde. "Ó ti gbé Háúsá níyàwó. Kí ará Bago máa bọ̀ ní Jímọ̀."

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí Jàríátù kò fi rántí háòsì. Owú kì í jẹ́ kí etí gbọ́ràn. Bó bá ti dijú báyìí, á rí obìnrin Háúsá gíga kan tó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, á sì sunkún.

Ní Alàmísì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá Ṣítù níbi tó ti ń fi ewé di obì. "Bàbá Ṣítù, ṣé ó rẹwà?"

"Èmi ò fojú kàn án o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

Ṣítù họrí. "Ọ̀kan kù tí mo fi bò, torí kò yẹ ká máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyàwó oníyàwó. Ó ní aláǹgbá méjì ti ń gbé inú rẹ̀."

"Inú ta ni?"

"Inú Háúsá ọ̀hún ni! Mo ní kó tètè mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn."

Jàríátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Háòsì ni, Bàbá Ṣítù! Háòsì ló ga! Háòsì ló tutù! Koríko ni wọ́n fi bo orí háòsì!"

Bàbá Dàda kò rẹ́rìn-ín nígbà tí Jàríátù sáré wá sọ fún un. Ó ní ojú òun ni òun máa gbà gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí ará Bago pé kó ní sùúrù, ó sì mú ọmọ rẹ̀, wọ́n gba Tchamba lọ sí Sokodé.

Ní Komah, ó yí ilé náà ká, ó gbá ògiri rẹ̀ wò, ó wọlé, ó jáde. "Ilé ni," ó ní. "Mo rí àwọn aláǹgbá náà." Ó wo ẹnu ọ̀nà tó ṣófo. "Ilẹ̀kùn ńkọ́, ìwọ káfíńtà?"

Bàṣírù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Mò ń dúró de ẹni tó máa tì í, Bàbá."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Dàda tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n so yìgì wọn ní Kambolé nígbà tí iṣu tuntun jáde. Ọjọ́ tí ìyàwó dé Komah, oòrùn ti ń rọlẹ̀, Bàṣírù ru ilẹ̀kùn kan bọ̀ láti ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi í sí ẹnu ọ̀nà lójú ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá, olólùfẹ́ mi. Fi háòsì sọ̀rọ̀ kan."

Jàríátù wọ inú lọ, ó di ilẹ̀kùn mú, ó wò ó pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Háòsì ni nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló ń gbé inú rẹ̀," ó ní. "Ẹ wọlé, ọkọ mi. Ilé ni."