Kẹ́tùlù Aláwọ̀ Aró Tó Kù Sí Bodrum

Ohun tí mo ń kọ yìí ṣojú mi. Ara mi yá nígbà tó ṣẹlẹ̀, oorun kò sí lójú mi, n kò sì fi nǹkan kan kún un. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, n kò ní bínú sí i. Èmi náà ì bá má gbà á gbọ́, ká ní kì í ṣe ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé kẹ́tùlù náà.

Ilé alájà gíga kan ní Weston, ní Toronto, ni èmi àti ọkọ mi, Alhaji Ràsákì, ti jọ gbé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà ìjọba ológun la kúrò nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún ẹ̀rọ omi gbígbóná ṣe, láti Downsview títí dé Etobicoke. Láràárọ̀ ló máa ń ṣáájú mi jí. Á bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú kẹ́tùlù àlùwàlá, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá, á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré. Omi gbígbóná ń yọ nílé ìwẹ̀ wa tọ̀sán-tòru o. Hameedah, ọmọ wa kan ṣoṣo, a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà.

"Daddy, there's a tap."

"Táàpù ò mọ orúkọ ìyá rẹ."

Ọdún kọkànlá rèé tí a ti Úmúrà bọ̀, tí ọkọ̀ òfurufú wa gba Turkey. Alhaji ní kí a má tíì lọ sílé. Ó ti rí àwòrán ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bodrum lára kàlẹ́ńdà, nílé ẹnì kan tó lọ tún ẹ̀rọ ṣe fún. Ìlú àtijọ́ ni, létí òkun. Àwọn ilé funfun gun òkè lọ bí àgùntàn. Ilé olódi ńlá kan tí àwọn jagunjagun ìgbà ìwáṣẹ̀ fi òkúta kọ́ dúró sẹ́nu èbúté. Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀, n kò sì rántí ọjọ́ mẹ́ta mìíràn láyé mi tí n kò wo aago.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaji sọ̀kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá nínú òkun. Ó ní omi òkun mọ́, ó tó ó ṣe é. Mo ní èmi ò ṣe, iyọ̀ rẹ̀ á ta mí lójú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á bu ú wá bá mi títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ilé àlejò tí a dé sí níbẹ̀ ló gbàgbé kẹ́tùlù rẹ̀ sí. Oníke ni, aláwọ̀ aró. Mo ti so àjákù aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn ní mọ́sálásí. A ra òmíràn, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí òtútù Toronto bá le jù, á wo ojú fèrèsé, á ní, "Ìyá Hameedah, jẹ́ ká lọ gba kẹ́tùlù wa."

A ò lọ. Ó kú ní ọdún tó kọjá. Kíndìnrín ló pa á. Ó ti mọ̀ fún ọdún méjì. Hafeez, àbúrò rẹ̀, mọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ iyọ̀ fún un. Èmi tí mo ń se ọbẹ̀ rẹ̀, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi bu iyọ̀ sí i, èmi nìkan ni n kò mọ̀ títí ó fi kú. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kírun sí i lára, Lèmọ́mù ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó ní ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kí ó yọ̀ǹda fún un, kí ọ̀nà rẹ̀ lè là. Gbogbo ènìyàn ní àwọn ti yọ̀ǹda. Mo pa ẹnu mọ́ lábẹ́ ìborùn mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́. Iyọ̀ yẹn ni kò jẹ́.

Mo ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó parí, mo sọ fún Hameedah pé mò ń lọ sí Bodrum. Ó bi mí bóyá nítorí kẹ́tùlù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Nermin, obìnrin tó ni ilé àlejò náà, ti hewú. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi. Ó mú mi lọ sí àgbàlá. Kẹ́tùlù náà wà lórí ìṣó lára ògiri. Aṣọ pupa ti ṣá. Ó ní òun mọ̀ pé a óò wá gbà á. Àwa méjèèjì ló wí.

Mo gbé e wọ yàrá kan náà tí a lò nígbà yẹn. Kí n tó sùn, ẹsẹ̀ ìbùsùn ni mo gbé e sí. Ó ṣófo.

Ní ìdájí, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ṣí i. Kò sí ẹnì kankan. Kẹ́tùlù náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kún, omi inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rò pé Nermin ni. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí tíì. Èdè Òyìnbó díẹ̀ tí a gbọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun fún omi ìdájí."

"Omi wo?"

"Ti inú kẹ́tùlù."

Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní ẹ̀rọ omi gbígbóná ilé náà ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Omi tútù ni gbogbo àlejò fi ń wẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ife mìíràn wá, ó bu tíì sí i, ó sì gbé e síwájú àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò ní kó gbé e kúrò.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Òkun ń mí nísàlẹ̀. Mo gbọ́ sálúbàtà. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀, bí ti Alhaji. Mo gbọ́ omi tó ń mì nínú ike. Òórùn òróró ẹ̀rọ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, òórùn ẹ̀wù iṣẹ́ tí mo fọ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró.

Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, á máa lọ. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, n kò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí sálúbàtà náà tó padà.

Mo gbé kẹ́tùlù náà bọ̀ wá sí Weston. Kíkan ilẹ̀kùn náà tẹ̀lé mi. Láràárọ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan péré. Hameedah sùn sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó jáde láti ilé ìwẹ̀, ó ń nu ojú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé omi sílẹ̀ fún òun bí Dádì ti máa ń ṣe. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ṣùgbọ́n omi náà ń tutù sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti di bí omi inú ìgò. Ẹsẹ̀ náà ń pẹ́ lọ́nà. Á dúró nídìí ẹ̀rọ ìgbéniròkè, á tún dúró níwájú yàrá ìdáná, bó ṣe ń rìn lóṣù tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, tó ní oorun ló ń kun òun. Mo gbọ́ ọ tó ń mí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìdákẹ́ mi ló ń rù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó kan ilẹ̀kùn. Mo gbé iwájú orí lé pákó náà.

"Alhaji, mo ti yọ̀ǹda fún yín. Ẹ̀yin náà, ẹ yọ̀ǹda iyọ̀ fún mi."

N kò gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ tó dúró.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i fúnra mi. Kẹ́tùlù náà wà níbẹ̀, ó kún dé ẹnu. Aṣọ pupa tutù rìnrìn. Mo bu omi náà, mo fi yọ ẹnu.

Iyọ̀ ni.

Adágún ìlú wa yìí kò ní iyọ̀. Mo tún un tọ́ wò. Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ lórí Weston, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti ń kọjá nísàlẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé kẹ́tùlù náà sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo sì fi ṣe àlùwàlá.

Ó ta mí lójú.