Ẹnu Tó Dákẹ́ Lójú Fóònù

Sòkòtò tí iná iṣẹ́ jó lójú orúnkún ni Wẹ́dà gbé wá bá Aránṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Kò mú òmíràn dání. Aránṣọ na aṣọ kan sí i, ó ní kó lọ ró o lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó bọ́ sòkòtò wá.

Nígbà tó jáde, ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà jọ ìyàwó.”

“Ìyàwó tó nírùngbọ̀n? Ọkọ tó fẹ́ irú ẹ̀ á jẹ́wọ́.”

“Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wẹ́dà tún mú sòkòtò míì wá. Nígbà tó yá, èyí tí kò ya rárá ló ń kó wá, Aránṣọ á sì máa wá ojú ibi tó ya kiri, á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kí oṣù tó lé, “ẹ̀gbọ́n” ti di “olówó orí mi”, Wẹ́dà náà ò sì pè é ní nǹkan míì mọ́ àfi “ẹyin ojú mi”.

Iṣẹ́ afárá ló gbé Wẹ́dà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà náà, inú fóònù ni ìfẹ́ wọn ń gbé.

Bàbá tó bí Aránṣọ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló dúró bíi bàbá. Bàbá Wádìí ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé bí o bá kí i káàárọ̀, á bi ọ́ ohun tó jẹ́ kí àárọ̀ náà dáa. Òun ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ rí ojú ọmọkùnrin náà nínú fóònù kó tó wá tọrọ ọmọ.

Wọ́n pè é. Wẹ́dà kí wọn dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ débi pé orí ò hàn mọ́, ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Bàbá Wádìí wá bi í pé:

“Ṣé o ti gbé ìyàwó rí?”

Ẹnu Wẹ́dà là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ojú fóònù ṣú.

“Ẹ ò rí i?” ni Bàbá Wádìí wí. “Ìbéèrè mi ló gé wáyà.”

“Bàbá wa, nẹ́tíwọọ̀kì ni o jàre,” ni ìyá Aránṣọ dáhùn.

Ohun tí Wẹ́dà náà sọ nìyẹn nígbà tó pè padà. “Nẹ́tíwọọ̀kì ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, ẹyin ojú mi.” Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀.

Bàbá Wádìí ní òun á tún gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún gé, kó lọ fẹ́ ẹlòmíì.

Àyà Aránṣọ kò balẹ̀ mọ́. Ó rán apá ẹ̀wù mọ́ ọrùn, oníbàárà kígbe lé e lórí. Gbogbo ilé rò pé ẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ má tún gé ló ń bà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bí kò bá gé ńkọ́? Bí ọ̀nà bá mọ́ gaara, tí ọkùnrin náà sì tún dákẹ́?

Síbẹ̀, ó lọ ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Èèyàn á máa bẹ̀rù òjò, á sì máa lọ gbé garawa síta.

Obìnrin kan ló ń tà á, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

“Yàrá mélòó? Ògiri yín, ti bíríkì ni àbí ti pákó?”

“Yàrá mẹ́ta. Ògiri bíríkì, ó nípọn.”

“Èèyàn mélòó ló máa lò ó?”

“Àwa mẹ́ta. Bàbá wa kàn máa ń wo ìròyìn ni.”

“Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ńlá tó ní ọ̀pá irin mẹ́jọ lórí fún ọ nígbà náà, àfi bí o bá fẹ́ fi sá aṣọ. Ṣé wọ́n ti fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì dé àdúgbò yín? Kò tíì dé? Mú èyí tó ń lo síìmù. Gbé e sókè, sáàárín ilé. Má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, má fi sẹ́yìn dígí, má fi irin ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tó wà lábẹ́ rẹ̀, yí i padà lọ́jọ́ tí o bá tàn án, torí gbogbo ayé ló mọ irú rẹ̀.”

Aránṣọ dúró, kò tíì fẹ́ lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí ọ̀rọ̀ bá gé, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni àbí èèyàn?”

Obìnrin náà wò ó, ẹnu abẹ náà rọ̀. “Bí iná aláwọ̀ ewé yìí bá dúró ṣinṣin, ilé tìrẹ ti mọ́. Ti ẹni tó wà lọ́hùn-ún, n kò ta ẹ̀rọ tó ń wo ìyẹn, àbúrò mi.”

Aránṣọ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀. Iná pupa, ó di aláwọ̀ ewé. Ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú fóònù, ojú ọ̀rẹ́ náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí ìdọ̀tí imú rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa pe Wẹ́dà pé, Aránṣọ tan fóònù, nẹ́tíwọọ̀kì ò sí. Ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ráútà ò sí.

“Màámi, ta ló gbé e?”

“Mo ti fi pamọ́ sínú àpótí irin mi. Iná tó ń ṣẹ́jú wìì wìì lójú fèrèsé, ṣé o fẹ́ kí olè rò pé a lówó ni? Mo wé e ní gèlè kí òtútù má mú un.”

Bàbá Wádìí ní, “Ẹ bá ti gbé àkéte fún un.”

Wọ́n tú u nínú gèlè, ara rẹ̀ ti gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó jókòó padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Iná aláwọ̀ ewé dúró ṣinṣin.

Ọ́fíìsì ọ̀gá ni Wẹ́dà jókòó sí lọ́hùn-ún, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì tiwọn ti lágbára. Ó kí wọn. Bàbá Wádìí ò tilẹ̀ jẹ́ kó kí tán.

“Ìbéèrè ìjọ́sí ń dúró dè ọ́. Ṣé o ti gbé ìyàwó rí?”

Wẹ́dà ò mira. Ẹnu dákẹ́, ojú dúró.

“Áà, ó tún ti gan!” ni ìyá Aránṣọ kígbe. “Pa á, ọmọ mi, ká tún un pè. Ẹ̀rọ burúkú!”

Bàbá Wádìí náà mi orí. “Lóòótọ́, ó gan.”

Ṣùgbọ́n Aránṣọ rí fáànù tó wà lẹ́yìn Wẹ́dà. Fáànù náà ń yí.

Ìka rẹ̀ ti wà lójú fóònù. Ó ku kó tẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá rẹ̀ ti gbà, Bàbá Wádìí ti gbà, wọ́n á ní ẹ̀rọ ni. Ìgbéyàwó á wáyé. Òun nìkan ni yóò máa bá fáànù yẹn sùn títí ọjọ́ ayé.

“Kò gan,” ló wí. “Fáànù ń yí. Olówó orí mi, dá Bàbá lóhùn.”

Wẹ́dà fi ọwọ́ bo ojú.

“Kò gan lóòótọ́. Ti ìjọ́sí náà, ọwọ́ mi ni mo fi pa á. Mo ti gbé ìyàwó rí. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé. Ilé tí mo kọ́kọ́ lọ tọrọ ọmọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n ní orí mi kì í gba aya, wọ́n lé mi bí ẹni lé adìyẹ. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Ìyá Aránṣọ ti gbá àyà mú. “Orí ìkúnlẹ̀ kẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí!”

“Ẹni tó lè paná mọ́ wa lójú lónìí,” ni Bàbá Wádìí wí, “kí ni kò ní í pa lọ́la?”

Omi ti ń bọ́ lójú Aránṣọ. “O purọ́ fún mi.”

“Mo purọ́.”

“O ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Mo lọ ra odidi ráútà nítorí irọ́ rẹ!”

Aránṣọ nu ojú.

“Ọmọ náà, ṣé ó mọ̀ mí?”

“Ó mọ ohùn rẹ, látinú èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o lè rán ẹ̀wù fún ọmọlangidi, torí tòun ń rìnhòòhò.”

Ẹ̀rín fẹ́ yọ, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. Ó yíjú sí Bàbá Wádìí, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ohun tí mo ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí ti dé. Mo ti gbọ́ ọ, mo sì ṣì fẹ́ ẹ.”

Bàbá Wádìí ní kó dìde. Ó wá tẹ ẹnu mọ́ fóònù bí ẹni tó fẹ́ gé e jẹ.

“Wẹ́dà! Mi ò fẹ́ rí ọ nínú nǹkan yìí mọ́. Mú ẹ̀gbọ́n rẹ, mú ọmọ rẹ, fẹsẹ̀ ara rẹ wá. Ibi tí o ò ti ní í rí nǹkan kan tẹ̀ pa!”

Wẹ́dà wá. Bàbá Wádìí bi í títí ohùn Bàbá fúnra rẹ̀ fi há, kò sì sí èyí tí kò dáhùn. Ìyá Aránṣọ sunkún, ó bínú, ó wo ọmọdébìnrin náà, ó sì fà á mọ́ra.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyàwó lọ ilé ọkọ, Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀rù ṣì ń bà mí,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ṣé kò ba ìwọ ni?”

“Ó ń bà mí,” ni Wẹ́dà dáhùn lójú ẹsẹ̀. “Ó ń bà mí gan-an.”

Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì wọlé.