Àmì Omi Lára Ògiri

"Kí ló dé tí ibi tí ẹ ń ki iná bọ̀ fi ga tó báyìí?"

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló béèrè bẹ́ẹ̀, ó fi ìka kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri ilé tí wọ́n wá wò. Ó ga dé èjìká rẹ̀. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì inú yàrá náà ló sì ga bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le, jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo odò tó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn àgbàlá. Ariwo ìlú ńlá ti sú àwọn méjèèjì. Abúlé tó parọ́rọ́ létí odò ni wọ́n ń wá, níbi tí wọn yóò ti fi ọjọ́ ogbó sinmi.

Ajẹ́ńtì ilé, tó ra ilé náà láti tún un tà, ṣẹ́jú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọbìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ yìí ló jẹ́ kó mú un dání, torí ẹni tó bá rí i kì í pẹ́ fọkàn balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ṣèlérí fóònù tuntun fún un, pé bí ilé bá ti tà, fóònù dé.

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. "Torí àwọn ọmọ kékeré ni, Mà. Kí wọ́n má baà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Odò yìí ńkọ́? Ṣé kì í kún wọlé?"

"Rárá o, Mà. Odò wa kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Irọ́ funfun báláú! Kò sí ọmọ ọdún márùn-ún kan lábúlé wa tí kò mọ̀ pé odò yẹn máa ń wọlé. Kì í ṣe ọdọọdún, ṣùgbọ́n bó bá ti lóun ń bọ̀, kò sí ìlẹ̀kùn tó lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, tí a sì ń to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ibùsùn. Omi ti fi ìlà ẹrẹ̀ sára ògiri ilé náà, ó ga dé àyà ènìyàn. Ajẹ́ńtì fi ọ̀dà funfun kùn ún mọ́lẹ̀. Ó kó búlọ́ọ̀kù abẹ́ ibùsùn dà sẹ́yìn ilé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò rí nǹkan ṣe sí.

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. "Àgbà lè fi nǹkan pamọ́," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "ọmọdé á sọ ọ́." Wọ́n ra ilé náà.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Fóònù Ẹlẹ́rìn-ín dé lóòótọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kì í ṣe òun nìkan ló dákẹ́. Màmá Nọ́ọ̀sì, bí a ṣe wá ń pè é, ń di egbò fún àwọn ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn arúgbó wò. A ń kí i, a ń dúpẹ́, a sì ń rí ibùsùn ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sẹ́nì kan tó lanu sọ pé, "Mà, ẹ to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹ̀." Àwọn kan ní ajẹ́ńtì á bínú. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. Kò kàn wọ́n kẹ̀! Egbò tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé ó kàn án ni?

Lẹ́yìn ilé-ìwé, Ẹlẹ́rìn-ín máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, torí ìdánwò àṣejáde ti ń sún mọ́lé, ẹ̀kọ́ nípa ara ẹ̀dá sì ń dà á láàmú. Màmá Nọ́ọ̀sì fi sùúrù kọ́ ọ bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Lọ́jọ́ kan, ó fa àpótí kan yọ lábẹ́ ibùsùn, ó fi fọ́tò ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí hàn án. Ọmọ náà ti kú.

"Ohun tó kù fún wa lára ẹ̀ nìyí," ló wí, ó sì ti àpótí náà padà sábẹ́ ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Lọ́la ni màá sọ fún wọn, ló ń dá sọ nínú ara rẹ̀. Kó tó lọ, Màmá Nọ́ọ̀sì gba nọ́ńbà rẹ̀. "Ó dáa kéèyàn ní ẹni tó lè pè."

Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù tí Ẹlẹ́rìn-ín fi pamọ́ sínú àpò ilé-ìwé rẹ̀ dún.

"Ẹlẹ́rìn-ín, omi ti wọlé o! Bàbá ò lè dìde, agbára mi ò sì ká a. Jọ̀ọ́, ìwọ nìkan ni mo ní nọ́ńbà ẹ̀ níbí!"

Ó sáré jáde láàárín kíláàsì, kò dúró títí tó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn méjèèjì wa ọkọ̀ dé ojú fèrèsé ilé náà. Omi ti mu Màmá Nọ́ọ̀sì dé ìbàdí. Ó fi èjìká gbé orí ọkọ rẹ̀ sókè kí omi má baà wọ̀ ọ́ nímú. Bí wọ́n ṣe ń gbé Bàbá sínú ọkọ̀, àpótí náà ń léfòó kiri yàrá, ó ti ṣí. Màmá Nọ́ọ̀sì mú fọ́tò kan nínú omi. Ojú ọmọ náà ti parẹ́ lára rẹ̀.

Ilé-ìwé tó wà lórí òkè ni gbogbo abúlé sá lọ. Ajẹ́ńtì gbé agbòjò wọlé síbẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí."

"Irọ́ ni!" Ẹlẹ́rìn-ín figbe ta. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀! Mà, torí omi la ṣe gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Bọ̀dá mi yìí kun àmì omi mọ́lẹ̀, èmi náà sì purọ́ fún yín torí fóònù yìí." Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni ajẹ́ńtì jágbe mọ́ ọn.

Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín dìde. "O kun ògiri," ló wí fún àbúrò rẹ̀, "ṣé o kun odò náà ni? Bó o bá máa ta mọ́tò ẹ, tà á. Wàá dá owó wọn padà." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, má rò pé o ti bọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì na fọ́tò tó ti parẹ́ náà sí i.

"Mo bi ẹ́ léèrè," ló wí tìbínú-tìbínú. "Ìṣojú ẹ ni mo ti àpótí yẹn padà sábẹ́ ibùsùn. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ, ọmọ mi. Kò tí ì dé inú mi."

Kò sẹ́nì kan nínú wa tó lè wò ó lójú.

Ajẹ́ńtì ta mọ́tò, ó dá owó padà. Tọkọtaya náà padà sí ìlú ńlá. Bí ọmọ wa bá fara gbọgbẹ́ báyìí, ọ̀nà jíjìn là ń gbé e lọ. Ẹlẹ́rìn-ín yege nínú ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ì bá kọ́kọ́ fi èsì náà hàn kò sí ní abúlé mọ́.

Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí omi fà, Ẹlẹ́rìn-ín mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà pupa, ó fa ìlà gbọọrọ sára ògiri ilé náà níta, ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: OMI MÁA Ń DÉ IBÍ. Ajẹ́ńtì bú u títí, síbẹ̀ ọmọ náà kọ ọ́ parí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá mọ ohun tó lè pa ẹnìkejì yín lára, ẹ sọ ọ́ lákòókò, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bùn kankan dí yín lẹ́nu. Ẹlẹ́rìn-ín sọ òtítọ́ níkẹyìn, ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ sọ ọ́.